Merlene Ottey ní Sydney, ọdún 2000: ọ̀rọ̀ ẹni ogójì ọdún tí wọ́n ní kó fàyè sílẹ̀ fún ọmọdé

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, àwọn ọmọ Jàmáíkà dojú kọ ara wọn ní abúlé tí àwọn eléré ìdárayá ń gbé nígbà Òlíḿpíìkì ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Wọ́n kóra jọ, wọ́n gbé pátákó ẹ̀hónú dání, wọ́n ní àwọn ò gbà. Gregory Haughton, ọkùnrin tí ń sá 400 mítà, wà lára àwọn tó ṣíwájú. Àyè kan ṣoṣo nínú eré 100 mítà àwọn obìnrin ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá ní Jàmáíkà yọ Peta-Gaye Dowdie kúrò, wọ́n sì fi Merlene Ottey sí ipò rẹ̀. Dowdie ló ṣe ipò kìíní nínú ìdíje tí wọ́n fi yan àwọn tí yóò lọ. Ipò kẹrin ni Ottey ṣe. Ẹni mẹ́ta péré sì ni orílẹ̀-èdè kan lè mú wá fún eré yẹn. Dowdie kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ottey ti pé 40. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé kìlọ̀ fún Jàmáíkà pé bí wọn kò bá tètè pẹ̀tù sí i, àwọn lè ní kí gbogbo wọn padà sílé.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yìí ni pé ìyá àgbà kan kọ̀, kò fẹ́ kúrò lójú agbo, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ṣe Dowdie láìdáa, n ó sì sọ ọ́ nígbà tí mo bá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà karí ọjọ́ orí Ottey kò wo aago. Aago nìkan ni kò mọ ọdún tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n bí Merlene Joyce Ottey ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ní Cold Spring, ní agbègbè Hanover, apá ìwọ̀ oòrùn Jàmáíkà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń sáré nígbà tó wà nílé ìwé. Ní ọdún 1976, ó gbọ́ lórí rédíò bí Don Quarrie, ọmọ ìlú rẹ̀, ṣe ń sá ní Òlíḿpíìkì Montreal, níbi tó ti gba wúrà 200 mítà. Láti ìgbà náà ló ti fọkàn sí eré sísá. Ó lọ sí Yunifásítì Nebraska ní Amẹ́ríkà ní 1979. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, ó sá 200 mítà ní Òlíḿpíìkì Moscow, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 22.20 ṣe ipò kẹta. Ẹni tó ṣe ipò kejì fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú rẹ̀. Ottey ni obìnrin àkọ́kọ́ láti àwọn erékùṣù Kàríbíà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gba mẹ́dàlì Òlíḿpíìkì.

Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Ní Los Angeles ní 1984, ó gba idẹ méjì. Ní Seoul ní 1988, ó sá 200 mítà ní 21.99, ipò kẹrin ló sì bá a dé. Ní Barcelona ní 1992, àwọn obìnrin márùn-ún àkọ́kọ́ nínú 100 mítà wọlé láàárín ìdá mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá: Gail Devers fi 10.82 ṣe ìkìíní, Ottey fi 10.88 ṣe ìkarùn-ún. Ó gba idẹ nínú 200 mítà níbẹ̀. Ní ìdíje àgbáyé Stuttgart ní 1993, òun àti Devers wọlé nígbà kan náà, 10.82 ni aago pe àwọn méjèèjì. Wọ́n ní láti yẹ fọ́tò wò dáadáa kí wọ́n tó fún Devers ní wúrà. Àwọn ará Jámánì tó wà ní pápá ìṣeré ọjọ́ náà dìde dúró fún Ottey, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó sá 200 mítà ní 21.98, ó gba wúrà tirẹ̀, tó jẹ́ pé kò sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀. Ó tún gbà á ní Gothenburg ní 1995, lẹ́yìn tí wọ́n yọ Gwen Torrence tó ṣáájú rẹ̀ wọlé nítorí pé ó tẹ ìlà.

Atlanta, 1996. Ẹni tó bá mọ eré sísá ní Nàìjíríà kò ní gbàgbé ọdún yẹn, nítorí àwọn ọmọbìnrin tiwa wà níbẹ̀. Nínú 100 mítà, Devers àti Ottey tún wọlé ní àkókò kan náà, 10.94, wọ́n sì tún fi fọ́tò fún Devers ní wúrà. Nínú 200 mítà, Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé ṣáájú, Ottey tẹ̀lé e, Mary Onyali tiwa ṣe ìkẹta. Pérec yìí náà ló ti gba 400 mítà mọ́ Falilat Ogunkoya lọ́wọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, tí Falilat fi gba idẹ. Ẹni ọdún 36 ni Ottey nígbà náà. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní Milan, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ó sá 100 mítà ní 10.74. Òun ló yá jù nínú gbogbo 100 mítà tó sá láyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí nọ́ḿbà yìí. Ọ̀pọ̀ eléré ti gbé bàtà kọ́ nígbà tí wọ́n bá fi pé 30. Ẹni yìí ti kọjá 36 kí ara rẹ̀ tó fún un ní eyí tó dára jù.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i ní Athens ní ọdún 1997 tó máa ń dùn mí. Àṣekágbá 100 mítà ìdíje àgbáyé ni. Wọ́n yìnbọn, ẹnì kan ti ṣí sáájú àkókò, wọ́n sì tún yìnbọn láti pe wọ́n padà. Ottey kò gbọ́. Ó ń sáré lọ ní tirẹ̀, ó ti kọjá ìdajì ojú ọ̀nà kó tó mọ̀ pé òun nìkan lòun ń sá. Ó rìn padà, ó tún bẹ̀rẹ̀, ipò keje ló ṣe. Ẹni tó bá ti sá 100 mítà rí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára bẹ́ẹ̀ máa ń jáde dáadáa lọ́jọ́ kan. O ò lè lò ó tán kí o tún bèèrè fún òmíràn ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó padà wá fún 200 mítà ní ìdíje kan náà, ó gba idẹ, ní ọmọ ọdún 37.

Ní 1998, ó kó lọ sí Ljubljana, olú ìlú Slovenia, kó lè máa ṣe ìgbáradì lọ́dọ̀ kóòṣì kan tó ń jẹ́ Srdjan Djordjević. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyọnu ńlá dé. Ní oṣù Keje 1999, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ fún un ní ìdíje kan ní Lucerne, ní Switzerland, wọ́n ní àwọn rí nandrolone níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oògùn afúnnilágbára tí a kà léèwọ̀. Ó ní irọ́ ni, òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n dá a dúró. Ìdíje àgbáyé ti Seville ní ọdún náà kọjá láìsí i níbẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà fúnra wọn yẹ ẹjọ́ náà wò, wọ́n dá a láre. Àjọ eré sísá àgbáyé kò tètè gbà. Ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2000, àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà wí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò náà kò kún tó láti dá a lẹ́bi, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa, nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni wọ́n tú u sílẹ̀. Oṣù Keje kan náà ni ìdíje tí Jàmáíkà fi yan àwọn tí yóò lọ sí Sydney. Ẹni tí kò sáré ìdíje fún ọdún kan gbáko, tó ń gbé ẹjọ́ kiri, tó ń san owó fún agbẹjọ́rò, wọ́n ní kó wá bá àwọn tó ti ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún du ipò mẹ́ta. Ó ṣe ìkẹrin. Lójú tèmi, ìyanu ni ipò kẹrin yẹn.

Nígbà tó fi di òpin oṣù Kẹjọ, ní ọjọ́ 30, ó sá 100 mítà ní Thessaloniki, ní Gíríìsì: 10.99. Kò tíì sí obìnrin ẹni ogójì ọdún kankan tó sá a wọ abẹ́ 11 ṣáájú ọjọ́ náà. Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí 100 mítà ti Sydney bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì tó tọ́ ló wá ń bá ara wọn jà. Òfin tó wà nílẹ̀ ni pé ìdíje yẹn ló ń yan ènìyàn. Dowdie pa òfin náà mọ́, ó jáwé olúborí, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ dé Sydney pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun yóò sá. Kí wọ́n wá gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní abúlé eléré, níṣojú gbogbo ayé, ìwà tí kò yẹ ọmọ ènìyàn ni. Bí àjọ náà bá fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti inú ẹjọ́, ó yẹ kí wọ́n kéde rẹ̀ kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ọmọbìnrin tó bá tò sórí ìlà mọ ohun tí wọ́n ń du. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní apá kejì, aago ti sọ̀rọ̀ ní Thessaloniki. Àwọn alákòóso ló fa wàhálà náà pẹ̀lú ìpinnu tó pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjèèjì ni wọ́n jù síwájú kí wọ́n máa fojú winá rẹ̀. Àwa tí a mọ bí àwọn àjọ eré ìdárayá ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa.

Ìpinnu náà dúró. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, Ottey tò sórí ìlà fún àṣekágbá. Marion Jones ti Amẹ́ríkà sá lọ ní 10.75, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́yìn. Ekaterini Thanou ti Gíríìsì tẹ̀lé e pẹ̀lú 11.12. Tayna Lawrence ti Jàmáíkà fi 11.18 ṣe ìkẹta. Merlene Ottey, 11.19, ìkẹrin. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ogún ọdún lẹ́yìn Moscow.

Ọjọ́ díẹ̀ sí i ni eré 4x100 mítà, èyí tí ẹni mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Lawrence ló bẹ̀rẹ̀ fún Jàmáíkà. Ó fún Veronica Campbell, ọmọ ọdún 18. Campbell fún Beverly McDonald. McDonald fún Ottey, ó sì gbé e délé. Bahamas gba wúrà, Jàmáíkà gba fàdákà pẹ̀lú 42.13, Amẹ́ríkà ṣe ìkẹta. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọdún 22 ló wà láàárín Campbell àti Ottey, ọ̀pá kan náà ni wọ́n jọ gbé. Nínú eré sísá Òlíḿpíìkì, obìnrin tó dàgbà tó Ottey ọjọ́ náà kò tíì gba mẹ́dàlì rí.

Ìdájọ́ 100 mítà ọjọ́ náà kò tíì parí. Ní 2007, Marion Jones jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, wọ́n gba gbogbo mẹ́dàlì tó gbà ní Sydney. Àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì wá wo ẹni tí wúrà náà yóò kàn, wọ́n rí Thanou, tí òun náà ti ní ẹjọ́ àyẹ̀wò oògùn tí kò yọjú sí ní 2004. Wọn kò gbé wúrà náà fún un. Ní oṣù Kejìlá 2009, wọ́n gbé Lawrence sí fàdákà, wọ́n sì fún Ottey ní idẹ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 50. Mẹ́dàlì Òlíḿpíìkì rẹ̀ di mẹ́sàn-án: fàdákà mẹ́ta, idẹ mẹ́fà, kò sí wúrà kankan. Ẹni tí wọ́n fi oògùn bà lórúkọ jẹ́ ní 1999 ló wá jogún mẹ́dàlì lọ́wọ́ ẹni tó lo oògùn ní tòótọ́. Mo gbà pé bí wọ́n bá ti mú Jones ní ọjọ́ tó yẹ, Ottey ì bá ti dúró lórí pèpéle ní Sydney, kí àwọn tó gbé pátákó náà rí i.

Ẹ̀hónú Sydney yẹn dùn ún. Kò sáré fún Jàmáíkà mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2002, ó di ọmọ onílẹ̀ Slovenia. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí i fún ìyẹn, kó kọ́kọ́ rántí Francis Obikwelu, tó kúrò lọ́dọ̀ wa di ọmọ Potogí, tó sì gba fàdákà 100 mítà fún wọn ní Athens ní 2004. Kó rántí Gloria Alozie tó di ọmọ Sípéènì. Eléré kì í ṣàdédé yí àṣíá padà. Ilé ló kọ́kọ́ máa ń ti ènìyàn jáde.

Athens 2004 yẹn ni Òlíḿpíìkì keje rẹ̀. Ọmọ ọdún 44 ni, ó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú 100 mítà. Ní ìdíje kan náà, Veronica Campbell gba wúrà 200 mítà, obìnrin Jàmáíkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú eré sísá kúkúrú, Jàmáíkà sì gba wúrà 4x100. Ottey wà ní ìlú náà, ó wọ aṣọ Slovenia. Mi ò lè ronú lórí ìyẹn kó má dùn mí.

Ẹ wá wo nọ́ḿbà wọ̀nyí. Ní ọmọ ọdún 36, 10.74. Ní 40, 10.99. Ní 44, 11.09. Ní 46, 11.34. Ní 50, 11.67, tó sá ní Novo mesto ní Slovenia ní oṣù Keje 2010. Ọdún 14 kọjá, kò tíì pé ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pàdánù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ara ènìyàn sọ pé àwọn fọ́nrán iṣan tó máa ń yára fà ni ọjọ́ ogbó kọ́kọ́ máa ń mú, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń sá eré gígùn fi lè máa bá a lọ pẹ́ ju ẹni tó ń sá 100 mítà. Iṣan ẹ̀yìn itan a máa já, egbò rẹ̀ a máa pẹ́ kó tó jinná. Ohun tó kù fún àgbà ni ìmọ̀ bí a ṣe ń sáré: kí ẹsẹ̀ má fi àkókò ṣòfò lórí ilẹ̀, kí èjìká má le, kí a má lo agbára tán ní 60 mítà. Ẹni tó bá wo fídíò Ottey nígbà tó dàgbà yóò rí i pé kò sí ìwàǹwára nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá sá 11.67 níbi ìdíje àwọn ilé ìwé girama wa lónìí, wọ́n á máa pariwo orúkọ rẹ̀ kiri.

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn: Kim Collins ti St. Kitts sá 9.93 ní Bottrop, ní Jámánì, ní oṣù Karùn-ún 2016, nígbà tó pé 40. Òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó ti pé ogójì tó sá 100 mítà wọ abẹ́ 10.

Ottey du Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008, kò yege. Ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Barcelona ní 2010, ó gba ọ̀pá ìkẹyìn fún Slovenia nínú 4x100, ní ọmọ 50 ọdún. Ó tún sá a ní Helsinki ní 2012, ní ọmọ 52. Helsinki náà ló ti gba mẹ́dàlì ìdíje àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1983, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ tò sórí ìlà ní 2012 kò tíì wáyé.

Jàmáíkà ti gbé ère rẹ̀ sí pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè náà ní Kingston láti ọdún 2005. Àwọn kan ṣì ń pè é ní ọbabìnrin idẹ nítorí wúrà Òlíḿpíìkì tí kò ní. Eré 200 mítà abẹ́ òrùlé tó sá ní Liévin, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kejì ọdún 1993, 21.87, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nínú gbogbo àwọn obìnrin tó ti gba wúrà Òlíḿpíìkì láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹnì kan tó sá a yá jù ú lọ.